Ìtọ́jú Pátákò Ẹṣin Kí Ọjọ́ Ìran Tó Pé

Ẹ̀yin àgbà ìdílé ẹlẹ́ṣin, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti ń ka ọjọ́ de Ojúde Ọba, ìran ẹlẹ́ṣin tí à ń ṣe ní Ìjẹ̀bú lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń gbá ilé ẹṣin láàárọ̀, tí ẹ ń já koríko, tí ẹ ń pọnmi, ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù lọ. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú ẹṣin. Ọ̀rọ̀ ẹṣin pọ̀ ju ohun tí ẹnu kan lè sọ tán níjòókòó kan, nítorí náà ibi tó ń kan ilẹ̀ lára rẹ̀ nìkan ni mo mú. Ọ̀rọ̀ pátákò ni mo bá wá.

Ìdí tí mo fi mú un kò jìnnà. Tí Iléyá bá ti ku oṣù kan, òkè ẹṣin ni gbogbo owó ìdílé ń lọ. A ó ra gàárì tuntun, a ó hun aṣọ òkè, a ó kó ṣaworo sí i lọ́rùn, ìjánu yóò máa dán. Inú èmi náà máa ń dùn sí ẹwà yẹn, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni dín in kù. Ṣùgbọ́n ta ló náwó sí ìsàlẹ̀? Ẹṣin mélòó la ti rí ní ọjọ́ ìran tí gàárì orí rẹ̀ tó owó ilẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì là láti etí irun dé ilẹ̀?

Ẹṣin kò fi àtẹ́lẹsẹ̀ rìn bíi tiwa. Orí ìka kan ṣoṣo ló ń tẹ̀ lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìka àárín, èékánná ìka náà ló sì yí i po tó di pátákò. Kẹrátììnì tó wà nínú èékánná wa náà ló wà nínú rẹ̀. Láti etí irun, níbi tí awọ ti pàdé pátákò, ló ti ń hù wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bíi mìlímítà 6 sí 10 lóṣù. Nítorí náà, ohun tó bá hù ní etí irun lónìí máa ń gbà tó oṣù 9 sí 12 kó tó dé ilẹ̀ níwájú pátákò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ojúde Ọba ọdún 2024 bọ́ sí ọjọ́ 18 oṣù kẹfà, ti ọdún 2025 sì bọ́ sí ọjọ́ 8 oṣù kẹfà. Tí ẹ bá ka oṣù mẹ́wàá sẹ́yìn láti ọjọ́ ìran ti 2025, oṣù kẹjọ ọdún 2024 lẹ máa bá ara yín. Èrò ti túká nígbà yẹn, wọ́n ti dá aṣọ padà sínú àpótí, ẹnikẹ́ni kò rántí ẹṣin mọ́ àfi ẹni tó ń gbálẹ̀ ilé rẹ̀. Ohun tí ẹṣin jẹ lóṣù náà, àti irú ilẹ̀ tó dúró lé, ló wá fi ń tẹlẹ̀ ní ọdún 2025 níwájú gbogbo ayé. Ìyẹn ni gbogbo ohun tí mo wá sọ, ìyókù àlàyé ni. Oògùn tí ẹ bá rà ní ọ̀sẹ̀ méjì sí ọdún kò lè ṣe pátákò lóore kankan tó ju kó máa dán lọ. Kódà biotin, fítámìn tí wọ́n ti rí i pé ó ń ran pátákò tí kò lágbára lọ́wọ́, ó di ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí ẹṣin ti ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ kí ojú tó rí iṣẹ́ rẹ̀.

Bó ṣe ń hù díẹ̀díẹ̀ yìí ló jẹ́ kí pátákò máa tọ́jú ọ̀rọ̀ pamọ́. Ẹṣin tí ibà líle bá ṣe, tàbí tí oúnjẹ rẹ̀ yí padà lójijì, máa ń ní ìlà kan tó yí pátákò rẹ̀ ká. Bí ìlà náà bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 3 sí etí irun, ohun tó fà á ṣẹlẹ̀ ní bí oṣù mẹ́ta sí márùn-ún sẹ́yìn. Ẹni tó lọ ra ẹṣin ní ọjà Maigatari ní ìpínlẹ̀ Jigawa máa ń la ẹnu rẹ̀ wò kó lè mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ kó tún bẹ̀rẹ̀ wo pátákò. Bí àwọn ìlà náà bá jìnnà síra bákan náà láti iwájú dé gìgísẹ̀, ó lè má ju pé ìgbà òjò ti di ẹ̀ẹ̀rùn, koríko sì ti yí padà. Bí wọ́n bá há mọ́ra níwájú tí wọ́n wá fẹ̀ síra ní gìgísẹ̀, ẹ fi owó yín sápò. Àìsàn kan tí mo ń bọ̀ wá sọ ti wọ ẹsẹ̀ náà rí. Àwọn oníṣòwò tó gbọ́n mọ ọ̀rọ̀ yìí jù mí lọ, fáìlì lásán sì lè pa ìlà rẹ́. Pátákò tó bá wá ń dán gbinrin láìní ìlà kankan rárá, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè ohun tó fi yùn ún.

Ẹ jẹ́ ká gbé ẹsẹ̀ ẹṣin kan báyìí. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká rẹ̀, ẹ kọjú sí ìrù. Ẹ fọwọ́ pa á láti èjìká wálẹ̀, kó mọ̀ pé ọwọ́ ń bọ̀, nítorí ẹṣin kórìíra ohun tó bá a lójijì. Tí ọwọ́ bá ti dé ẹ̀yìn ọrùn ẹsẹ̀, ẹ rọra fún iṣan ibẹ̀, kí ẹ fi èjìká yín tì í díẹ̀ kó lè gbé ara lé ẹsẹ̀ kejì. Yóò gbé e fún yín fúnra rẹ̀. Ẹ má fa ẹsẹ̀ náà síta, abẹ́ ikùn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó wà, torí oríkèé rẹ̀ kì í ṣí sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi irin ìkọ́ ko ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ kúrò, láti gìgísẹ̀ lọ síwájú, kì í ṣe láti iwájú bọ̀ wá sí gìgísẹ̀.

Tó bá ti mọ́, ògiri pátákò lẹ máa kọ́kọ́ rí, etí líle tó yí i ká. Òun ló ń gbé ẹṣin. Lẹ́bàá ògiri náà lápá inú, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó pupa rúsúrúsú. Ẹ fojú sí ìlà yẹn dáadáa, torí òun ni ààlà láàárín ibi tí kò mọ ìrora àti ibi tó mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìsàlẹ̀ pátákò, tó yẹ kó jin sínú díẹ̀. Láti ẹ̀yìn wá sí àárín ni ohun onígun mẹ́ta kan tó ń tẹ̀ bíi rọ́bà tí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kòtò tóóró kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Onígun mẹ́ta yìí kì í ṣe ìdọ̀tí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e dànù. Láti orúnkún wálẹ̀, ẹsẹ̀ ẹṣin fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ẹran kankan, egungun àti iṣan líle ló wà níbẹ̀. Nígbàkigbà tí ẹṣin bá tẹlẹ̀, tí gìgísẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ tí onígun mẹ́ta náà sì tẹ̀, ìtẹ̀ yẹn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Ẹ wá rí ìdí tí mo fi ń bínú sí ẹṣin síso mọ́ èèkàn láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹṣin tí kò rìn, ẹ̀jẹ̀ kì í rìn dáadáa ní pátákò rẹ̀.

Kí ẹ tó sọ ẹsẹ̀ náà kalẹ̀, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ sún imú mọ́ ọn. Òórùn ẹran àti erùpẹ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bó bá ń rùn bí ohun tó ti kú, tí omi dúdú sì ń jáde nínú kòtò méjèèjì yẹn, àìsàn tí àwọn dókítà ẹranko ń pè ní thrush nìyẹn. Kòkòrò tó ń fà á fẹ́ràn ibi tí atẹ́gùn kò dé, ìgbẹ́ tútù tó dì sínú kòtò náà ló sì ń ṣílẹ̀kùn fún un. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wa yìí, ọ̀rọ̀ thrush kò ṣeé fojú kéré, nítorí ọdún Iléyá ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá súnwá síwájú lọ́dọọdún, ó sì ti wọ inú ìgbà òjò báyìí. Ọjọ́ tí ẹṣin máa dúró nínú ẹrẹ̀ jù lọ́dún ni a tún fẹ́ kó fẹsẹ̀ jó jù.

Ohun tó ń dá a dúró kò wọ́n rárá. Ẹ kó ìgbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ilé ẹṣin dagẹ̀rẹ̀ kí ìtọ̀ lè ṣàn jáde, kí ẹ sì da lẹ́búlẹ́bú pákó gbígbẹ láti sọ́ọ̀míìlì sí i. Tó bá ti wọlé ná, ẹ fọ kòtò náà, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi owú tó ní ayodíìnì sínú rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ sì gbé ẹṣin kúrò nínú omi. Tí ẹ bá fi oògùn sí i tí ẹ tún dá a padà sínú ẹrẹ̀ náà, owó lẹ̀ ń sọ nù. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ fi ọ́ìlì ọkọ̀ tí wọ́n ti lò tán pa á, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ.

Mo ṣèlérí pé mo máa sọ̀rọ̀ àìsàn kan. Laminitis ni orúkọ rẹ̀, òun sì ni mo bẹ̀rù jù nínú gbogbo ohun tó lè ṣe pátákò. Egungun kan wà nínú pátákò. Ohun tó so egungun náà mọ́ ògiri ni àwọn awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bíi 600 tó wọnú ara wọn, gbogbo ìwúwo ẹṣin ló sì so rọ̀ sórí wọn. Tí àwọn awẹ́ yìí bá wú, tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í já, egungun á yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á máa doríkodò sí ìsàlẹ̀ pátákò. Ó ti yọ síta láti ìsàlẹ̀ rí.

Ohun tó ń fà á kì í fi gbogbo ìgbà wà lẹ́sẹ̀. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn. Koríko ni Ọlọ́run dá ikùn ẹṣin fún. Tó bá jẹ àgbàdo tàbí ọkà bàbà àjẹjù, èyí tí kò dà á ṣàn lọ sí ìfun ńlá, àwọn kòkòrò ibẹ̀ á sọ ọ́ di ásíìdì, májèlé á wọnú ẹ̀jẹ̀, ó sì di pátákò. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ọdún. Ẹṣin dé láti Òkè Ọya lọ́hùn-ún, tó ti dúró nínú ọkọ̀ akẹ́rù fún wákàtí tó pọ̀, koríko ló mọ̀ ọ́n jẹ. Àwọn ọmọdé gbé búrẹ́dì wá, àlejò bu àgbàdo fún un, ẹni tó yá a ní kó jẹun dáadáa kó lè lágbára. Ìfẹ́ ni gbogbo wọn fi ṣe é, ẹṣin náà kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé ó tó. Ẹ jẹ́ ká gbà á bẹ́ẹ̀: ẹṣin tó wúwo tó kílò 300 nílò koríko gbígbẹ bíi kílò 4.5 sí 6 lójúmọ́, ọkà kàn wá bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ yí oúnjẹ padà. Ẹ ti ìlẹ̀kùn mọ́ àpò àgbàdo, torí ẹṣin tó bá já wọ ibi tí àpò wà lóru kò ní ṣíwọ́ jíjẹ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ìdí mìíràn tún wà tó ń fa laminitis, ìtàn ẹṣin kan ní Amẹ́ríkà ló sì là á yé ayé jù lọ. Ẹṣin náà ń jẹ́ Barbaro. Òun ló gba Kentucky Derby ní oṣù karùn-ún ọdún 2006, ìyẹn eré ẹṣin tó gbajúmọ̀ jù lọ lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ 20 oṣù náà, ó ń sáré nínú eré ìje mìíràn, Preakness, nígbà tí egungun ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún rẹ̀ fọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko New Bolton Center, ti Yunifásítì Pennsylvania, Dean Richardson tó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ sì fi irin àti ìdè to egungun náà. Egungun náà bẹ̀rẹ̀ sí í jinná. Ọ̀pọ̀ ẹṣin tó bá fẹsẹ̀ ṣẹ́ báyìí ni wọn ì bá ti pa lójú ẹsẹ̀, àmọ́ àwọn èèyàn ń kọ lẹ́tà sí Barbaro pé kí ara rẹ̀ yá, bí ẹni ń kọ ọ́ sí ọmọ èèyàn.

Kì í ṣe ẹsẹ̀ tó fọ́ ló pa á. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì, èyí tí ohunkóhun kò ṣe, ló ń gbé ìwúwo tó yẹ kí méjì máa pín gbé. Nígbà tó di oṣù keje, laminitis ti mú un, wọ́n sì gé èyí tó pọ̀ jù lára ògiri pátákò rẹ̀ kúrò. Wọ́n dúró kí tuntun hù. Ẹ rántí ìṣirò wa: mìlímítà mélòó lóṣù? Kí tuntun náà tó hù délẹ̀, nígbà tí oṣù kìíní ọdún 2007 dé, àìsàn náà ti bọ́ sí ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì. Lọ́jọ́ 29 oṣù náà, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ ìkẹyìn. Owó kò wọ́n wọn, dókítà kò wọ́n wọn, ilé ìwòsàn sì wà lára àwọn tó dára jù láyé. Secretariat náà, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní kò sí ẹṣin eré ìje tó tó o rí, laminitis ló pa á ní ọdún 1989.

Nítorí náà, tí ẹṣin yín bá dá ẹsẹ̀ kan sí, ẹ máa ṣọ́ ẹsẹ̀ kejì. Ẹ mọ àmì rẹ̀. Yóò máa na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì síwájú, yóò gbé ara sẹ́yìn, kò ní fẹ́ yípo. Pátákò á gbóná. Tí ẹ bá fi ìka méjì sí ẹ̀yìn ọrùn ẹsẹ̀, ẹ máa bá ìṣàn ẹ̀jẹ̀ tó ń lù kìkì, níbi tó jẹ́ pé ẹ kì í sábà rí i mú nígbà tí ara rẹ̀ dá. Ẹ dá ọkà dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ omi yìnyín, ẹ ránṣẹ́ pe dókítà ẹranko. Ẹ má fi ẹgba lé e pé kó rìn kí ẹsẹ̀ lè nà.

Gígé pátákò kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n kó wá gé e. Ẹ̀mú ló fi ń gé ètè rẹ̀, ọ̀bẹ tó tẹ̀ lẹ́nu ló fi ń ha òkú tó wà nísàlẹ̀, fáìlì ló fi ń tún un ṣe. Tí ẹ bá rí i tó ń gbẹ́ ìsàlẹ̀ títí tó fi ń pọ́n, ẹ dá a dúró. Ẹ má sì ṣe gé e lọ́jọ́ kejì ọdún, ẹ jẹ́ kó ku bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, kí ẹsẹ̀ lè rí àyè mọ ilẹ̀.

Ti bàtà irin ńkọ́? Wọ́n máa ń bi mí. Xenophon, jagunjagun ará Gíríìkì kan tó kọ̀wé lórí ẹṣin ní ohun tó lé ní ọdún 2,300 sẹ́yìn, láti orí ẹsẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ẹṣin tó fẹ́ rà, kò sì sí bàtà tí wọ́n ń fi ìṣó kàn nígbà ayé rẹ̀. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí wọ́n da òkúta róbótó tó ń kún ọwọ́ sí ìta ilé ẹṣin, ẹrù kẹ̀kẹ́ mẹ́rin sí márùn-ún, kí ẹṣin máa dúró lé e nígbà tí wọ́n bá ń nù ún lára kí pátákò rẹ̀ lè le. Mo fara mọ́ ọn. Ẹṣin tó ń rìn lórí ilẹ̀ oníyanrìn tó gbẹ kò nílò irin. Èyí tó ń rìn lórí ọ̀dà lójoojúmọ́ lè nílò rẹ̀, nítorí ọ̀dà ń yun pátákò yára ju bó ṣe ń hù lọ. Ṣùgbọ́n ìṣó gbọ́dọ̀ gba inú ògiri nìkan kọjá, lóde ìlà pupa rúsúrúsú tí mo fi hàn yín, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tú u kí wọ́n tún un kàn bí pátákò bá ti hù. Alágbẹ̀dẹ tó rọ ọkọ́ àti àdá tó mú kò tíì di ẹni tó ń kan bàtà ẹṣin. Èmi yóò sì bẹ àwọn tó ń ṣètò ọdún pé kí wọ́n da yanrìn sí ojú ọ̀nà tí ẹṣin máa gbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, eré àsápajúdé lórí ọ̀dà tó gbóná ń dùn lójú fídíò, egungun inú pátákò ló ń jẹ gbèsè rẹ̀.

Ní ààfin Ọ̀yọ́ àtijọ́, ẹni tó ń bójú tó ẹṣin ọba kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ lásán. Oyè ni, Olókùn Ẹṣin, ó sì ga débi pé ó wà lára àwọn tí àṣà ní kí wọ́n bá ọba lọ nígbà tó bá wàjà. Ìdí tí oyè náà fi ga yé mi. Òkè Ọya ni ẹṣin ti ń wá, eṣinṣin tsetse sì ń pa á nínú igbó wa, a kò lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Lónìí, ẹni tó mọ òórùn pátákò ẹṣin yín ni owó rẹ̀ kéré jù nínú ìnáwó ọdún, òun náà lẹ sì máa ń dá dúró ní ọjọ́ kẹta ọdún, títí di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ san owó oṣù mọ́kànlá tó kù fún un. Tí ẹ bá kà á sí àpọ̀jù, ẹ yọ ọ́ nínú owó gàárì.

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé yíyá lẹ ń yá ẹṣin, ohun mẹ́ta péré ni kí ẹ béèrè kí ẹ tó san àsansílẹ̀. Ìgbà wo ni wọ́n gé pátákò rẹ̀ gbẹ̀yìn? Kí ni wọ́n ń fún un jẹ? Ṣé wọ́n ti fún un ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì? Ẹ wá ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú yín. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbé e mọ ìdí tí kò fi fẹ́.

Ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yẹn. Nínú àwọn ẹran ọ̀sìn, kò sí èyí tí tẹ́tánọ́ọ̀sì tètè ń mú tó ẹṣin, ìgboro wa sì kún fún ìṣó. Bí ìṣó bá wọ ìsàlẹ̀ pátákò, tí dókítà sì lè tètè dé, ẹ fi ìṣó náà sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì dá ẹṣin dúró kó má tẹ̀ ẹ́ wọlé sí i. Ibi tí ìṣó náà dorí kọ ni dókítà fẹ́ mọ̀, ihò náà á sì pa dé tí ẹ bá ti fà á yọ. Bí dókítà bá jìnnà, ẹ fà á, ṣùgbọ́n ẹ fi àmì sí ojú ibẹ̀, kí ẹ wọn bó ṣe wọlé tó, kí ẹ tọ́jú ìṣó náà, kí ẹ sì fi aṣọ tó mọ́ di ẹsẹ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ tán. Wọ́n ti so ẹṣin kan mọ́lẹ̀ fún wa lábẹ́ igi lọ́hùn-ún, irin ìkọ́ mẹ́rin sì wà nínú àpò mi. Kí àwọn tí kò gbé ẹsẹ̀ ẹṣin rí kọ́kọ́ bọ́ síwájú.